Wọn kò ní ọkọ̀, wọn kò ní èbúté: Iṣẹ́ àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ èbúté tó wà l'Àpápá

Kò sí ìlú tí wọ́n ti ń gbin kòkó nílẹ̀ Yorùbá tí wọn kò ti mọ akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Kì í ṣe òun ló ní oko tó tóbi jù, ó sì lè má tilẹ̀ ní oko rárá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó pe ìpàdé, kó kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, kó gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kó mọ iye àpò kòkó tí oníkálukú kó wá, kó sì kọ lẹ́tà sí ìjọba nígbà tí oògùn kòkó bá wọ́n. Ọjọ́ tí irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀ bá ṣàìsàn ni àwọn àgbẹ̀ máa ń mọ̀ pé iṣẹ́ kékeré kọ́ ló ń ṣe. Ìwé á dàrú, ìpàdé á di ariwo, ẹni tó ń ra kòkó á sì máa bá àgbẹ̀ ná ọjà lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe wù ú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé àwọn èbúté ńláńlá tí ọkọ̀ òkun ń gúnlẹ̀ sí náà ní akọ̀wé irú èyí. Ọ́fíìsì wọn kò sì jìnnà. Àpápá l'Èkó ló wà.

Orúkọ tí ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ni Port Management Association of West and Central Africa, tí wọ́n gé kúrú sí PMAWCA. Àwọn tó ń sọ Faransé ń pè é ní AGPAOC. Ní èdè tiwa, ẹgbẹ́ àwọn aláṣẹ èbúté Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ni. Kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò tó ń kó ẹrù wọlé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn atukọ̀. Àwọn àjọ tí ìjọba gbé èbúté lé lọ́wọ́ ló parapọ̀ dá a sílẹ̀. Láti Mauritania lápá òkè lọ́hùn-ún títí dé Angola nísàlẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Àjọ NPA tó ń bójú tó èbúté ilẹ̀ Nàìjíríà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn aláṣẹ èbúté Ghana, Lomé, Kútọnu àti Abidjan.

Ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi ọwọ́ mú iṣẹ́ ẹgbẹ́ yìí lójoojúmọ́ la fẹ́ sọ. Wọn kò ní ọkọ̀, wọn kò ní kéréènì, wọn kò sì ní ibi tí ọkọ̀ lè so mọ́. Ìwé, kọ̀ǹpútà àti ọ̀rọ̀ ẹnu ni gbogbo irinṣẹ́ wọn. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ wọn dáadáa tàbí bí wọn kò bá ṣe é dáadáa, ipa rẹ̀ lè dé oko kòkó ní Ìdànrè àti ìsọ̀ sìmẹ́ńtì ní Ìṣẹ́yìn.

ILẸ̀ SÀRÓ NI WỌ́N TI DÁ A SÍLẸ̀

Oṣù Kẹwàá ọdún 1972 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Freetown, olú-ìlú ilẹ̀ Sàró, ìlú tí àwọn àgbà wa mọ̀ bí ẹni mọ owó, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n sọ ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá kalẹ̀ sí nígbà tí wọ́n gbà wọ́n sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, lábẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ tó ń rí sí ètò ọrọ̀ ajé Áfíríkà, ló ti wọn lẹ́yìn. Ní ọdún 2022, ẹgbẹ́ náà pé 50 ọdún.

Ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Lẹ́yìn tí àwọn orílẹ̀-èdè wa gba òmìnira, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èbúté tirẹ̀. Ghana ṣí Tema ní 1962. Kútọnu ṣí tirẹ̀ ní 1965, Lomé tẹ̀ lé e ní 1968. Àpápá ti wà nílẹ̀ ṣáájú wọn, nítorí pé láti nǹkan bí 1920 síwájú ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọ́ ọ, àjọ NPA sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹrin, 1955. Bí ẹ bá wo àwòrán ilẹ̀, ẹ óo rí i pé láti Èkó sí Kútọnu kò ju ìrìn wákàtí díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èbúté ọ̀kan ń kọ ìwé rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, èkejì ń kọ tirẹ̀ ní Faransé. Ọ̀nà tí ọ̀kan ń gbà ka ẹrù yàtọ̀ sí ti èkejì. Ọ̀gá èbúté Lomé lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ju ohun tó ń ṣẹlẹ̀ l'Àpápá lọ. Òun ni wọ́n fi wá kọ ọ́ sínú ìwé òfin ẹgbẹ́ pé kí àwọn èbúté máa mú iṣẹ́ wọn dọ́gba, kí wọ́n máa pàṣípààrọ̀ ìmọ̀, kí wọ́n sì máa bá ìjọba àti àwọn oníléeṣẹ́ ìrìnnà sọ̀rọ̀ pọ̀.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí àwọn àgbà tó wà l'Èkó nígbà náà kò tíì gbàgbé. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Yakubu Gowon ra nǹkan bíi 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ní kí wọ́n máa kó o bọ̀. Nígbà tó fi máa di 1975, ó lé ní 400 ọkọ̀ tó ń dúró lórí òkun l'Èkó, tí wọn kò rí ibi gúnlẹ̀ sí. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ fi dúró, Nàìjíríà ló ń san owó ìdádúró rẹ̀. Sìmẹ́ńtì mìíràn gan sínú ọkọ̀ kó tó rí ilẹ̀. Eré ni wọ́n sá kọ́ èbúté Tin Can Island, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹwàá, 1977.

Kì í ṣe ẹgbẹ́ èbúté ló fa wàhálà yẹn, kò sì sí agbára lọ́wọ́ rẹ̀ láti dá a dúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni ìdí tí iṣẹ́ akọ̀wé fi ṣe pàtàkì. Àwọn tó ra sìmẹ́ńtì kò ka iye tí èbúté lè gbà kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé. Ẹni tí kò bá ka iye ọmọ tó wà nílé kó tó gbé iyán kalẹ̀, ìjà ni yóò bá nídìí àwo.

IṢẸ́ WO GAN-AN NI WỌ́N Ń ṢE?

Ọ̀nà tí wọ́n gbé ẹgbẹ́ yìí kalẹ̀ jọ ti ẹgbẹ́ ìlú. Ààrẹ wà, láàárín àwọn ọ̀gá èbúté ni wọ́n sì ti ń yàn án. Ṣùgbọ́n ààrẹ ní èbúté tirẹ̀ tó ń darí ní ìlú rẹ̀, kò lè jókòó sí Àpápá láti máa wo fáìlì. Ìjọba rẹ̀ tún lè yọ ọ́ nípò lónìí, kí ipò ààrẹ náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Akọ̀wé àgbà àti àwọn òṣìṣẹ́ abẹ́ rẹ̀ ló ń di ilé mú nígbà tí àwọn ọ̀gá bá ń lọ tí wọ́n ń bọ̀.

Kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà nìkan ló ń jókòó sí àga akọ̀wé àgbà. Michael Luguje tó wá láti Ghana ti wà níbẹ̀ rí, láti ibẹ̀ ló sì ti padà sílé lọ di ọ̀gá àgbà àjọ èbúté Ghana. Jean-Marie Koffi, ọmọ Côte d'Ivoire, ló gba ipò náà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ẹni àkọ́kọ́ wá láti ilẹ̀ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ìkejì wá láti ilẹ̀ tó ń sọ Faransé. Nínú ẹgbẹ́ tó ní irú ọmọ ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ èdè kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àwọn ilẹ̀ bí Angola, Guinea-Bissau àti Cape Verde tún ń sọ èdè Pọtogí. Lẹ́tà kan tó jáde l'Àpápá gbọ́dọ̀ yé ọ̀gá èbúté ní Dakar bó ṣe yé ti Tema. Bí ògbufọ̀ bá ṣi ọ̀rọ̀ kan túmọ̀ nínú ìpàdé, ìbéèrè lásán lè di èébú. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ ògbufọ̀ kì í fi í ṣe iṣẹ́ kékeré nínú irú ẹgbẹ́ yìí.

Ẹ̀yìn èdè ni ìpàdé. Lọ́dọọdún ni ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀gá èbúté máa ń jókòó. Kí ọ̀gá tó dé ibẹ̀, akọ̀wé ti kọ ìwé ìpè, ó ti kó ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ jíròrò jọ, ó ti bá ìlú tó fẹ́ gbàlejò sọ̀rọ̀, ó sì ti mọ àwọn méjì tí kò yẹ kó fi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Lẹ́yìn tí àlejò bá lọ tán, òun ni yóò máa kọ lẹ́tà ìránnilétí pé ohun tí ẹ fọwọ́ sí nìyí o, níbo lẹ bá a dé?

Àwọn òfin àgbáyé pẹ̀lú kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹsàn-án, 2001 ní Amẹ́ríkà, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òkun lágbàáyé ṣe òfin ààbò èbúté tí wọ́n ń pè ní ISPS, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní, oṣù Keje, 2004. Látìgbà náà ni èbúté ti gbọ́dọ̀ ní odi, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń ṣọ́, àti káàdì ìdánimọ̀. Ayé ìgbà tí èèyàn lè ṣàdédé rìn wọ wọ́ọ̀fù lọ wo ọkọ̀ ti kọjá. Bákan náà, láti ọjọ́ kìíní, oṣù Kìíní, 2024, ó di dandan fún àwọn ìjọba tó wà nínú àdéhùn náà pé kí ojúkò kan ṣoṣo wà lórí kọ̀ǹpútà tí ọkọ̀ yóò máa fi gbogbo ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí, dípò kí aṣọ́bodè gba tirẹ̀, kí àwọn onímígírésọ̀n gba tirẹ̀, kí àwọn ìlera náà tún gba tiwọn. Èbúté tó ní owó lọ́wọ́ lè tètè ṣe é. Èbúté kékeré tí kò ní owó ló nílò ẹni tí yóò sọ fún un ibi tí aládùúgbò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ti kọsẹ̀, kí òun náà má baà kọsẹ̀ síbẹ̀.

ALÁBÀÁDÍJE NI GBOGBO WỌN

Ibi tí iṣẹ́ náà ti le nìyí. Àwọn àgbẹ̀ kòkó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kì í bá ara wọn du igi kòkó kan náà. Ṣùgbọ́n àwọn èbúté tó ń jókòó yí tábìlì ká yìí, ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ń lé.

Ọkọ̀ tó ń kó kọ́ńténà ń tóbi sí i lọ́dọọdún, èbúté tí omi rẹ̀ kò jìn kò sì lè gbà á. Lomé ṣí ibùdókọ̀ kọ́ńténà tuntun ní 2014 tí omi rẹ̀ jìn gan-an, ó sì di ibi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń já ẹrù sí, tí àwọn ọkọ̀ kéékèèké á wá máa pín in lọ sí ibòmíràn, títí kan Èkó. Ìyẹn ni pé ẹrù tó jẹ́ ti oníṣòwò Ìbàdàn lè kọ́kọ́ balẹ̀ ní Tógò kó tó dé ilé. Ghana ṣí tirẹ̀ ní Tema ní 2019. Nàìjíríà náà ṣí èbúté Lẹ́kkí ní oṣù Kìíní, 2023, tí jíjìn omi rẹ̀ tó mítà 16.5, ìyẹn ju ẹsẹ̀ bàtà 50 lọ. Àwọn tí kálukú wọn ná owó rẹpẹtẹ báyìí láti gba oníbàárà lọ́wọ́ ara wọn ni akọ̀wé gbọ́dọ̀ pè jọ, kó sì ní kí wọ́n sọ òótọ́ fún ara wọn.

Àpápá tí ọ́fíìsì náà wà gan-an ti fi ojú ṣe mọ̀ọ́ràn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni tírélà fi tò láti ẹnu èbúté títí dé orí afárá, tí awakọ̀ ń sun ojú títì ní ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ní oṣù Kejì, 2021 ni NPA gbé ètò Ẹ̀tọ́ jáde, pé kí tírélà máa fi ẹ̀rọ gba àyè kó tó bọ́ sójú ọ̀nà Àpápá. Nígbà tí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ yẹn wà, ẹlòmíràn tó fẹ́ kó ẹrù wọlé ti gba Kútọnu lọ. Ohun tó jẹ́ ìyà fún Èkó di èrè fún aládùúgbò, bẹ́ẹ̀ méjèèjì sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan náà. Akọ̀wé kò gbọdọ̀ yọ̀ fún ọ̀kan, kò sì gbọdọ̀ bá èkejì sunkún ju bó ṣe yẹ lọ.

ẸNI TÓ NI ÒṢÙWỌ̀N

Kí ló wá dé tí wọn kò fi tú ká? Ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń ra kòkó. Àgbẹ̀ tó bá dá kòkó rẹ̀ gbé lọ sídìí òṣùwọ̀n, iye tí oníòṣùwọ̀n bá pè ni yóò gbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí láàárín èbúté àti àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun. Èbúté pọ̀ létí òkun wa, ṣùgbọ́n àwọn iléeṣẹ́ tó ni ọkọ̀ kọ́ńténà ńláńlá kò pọ̀, wọ́n sì ń ra ara wọn. Ní oṣù Kejìlá, 2022, iléeṣẹ́ MSC ra gbogbo iṣẹ́ èbúté àti ìkẹ́rù tí iléeṣẹ́ Bolloré ti ilẹ̀ Faransé ní ní Áfíríkà, owó rẹ̀ sì jẹ́ bílíọ̀nù 5.7 owó yúrò. Àwọn ibùdókọ̀ kọ́ńténà ní Lomé, Abidjan, Kútọnu, Tema àti Tin Can wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, yálà iléeṣẹ́ náà ló dá a ní tàbí ó bá ẹlòmíràn pín in.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó ni ọkọ̀ tún ti di ẹni tó ń darí ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, kì í sì í ṣe ní ìlú kan ṣoṣo. Iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ iye tí wọ́n ń gbà ní èbúté kọ̀ọ̀kan, nítorí pé òun ló ń san án. Bí àwọn èbúté kò bá mọ ti ara wọn, ọ̀kan ṣoṣo ló lajú nínú ìdúnàádúrà náà. Ìwé àkọsílẹ̀ akọ̀wé, iye ọkọ̀ tó wọlé, iye ọjọ́ tí ẹrù fi jókòó, àdéhùn tí ọ̀kan ti ṣe rí tí kò sì dára, ìyẹn ló lè la ojú àwọn yòókù.

KÒ SÍ PÁṢÁN LỌ́WỌ́ WỌN

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí á tan ara wa. Agbára wọn kò pọ̀. Owó tí àwọn èbúté ń dá lọ́dọọdún ni irú ẹgbẹ́ báyìí fi ń gbọ́ bùkátà. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá jẹ gbèsè, akọ̀wé kò lè rán ọlọ́pàá sí i. Bí èbúté kan bá kọ̀ láti fi iye ẹrù rẹ̀ ránṣẹ́, kò sí ohun tó lè ṣe ju kó tún lẹ́tà kọ. Bí ìjọba bá sì pàṣẹ, tiwọn ti parí.

Àwọn ará Ìdírókò mọ èyí dáadáa. Ní oṣù Kẹjọ, 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ pa nítorí ìrẹsì àti àwọn ẹrù tí wọ́n ń fi fàyàwọ́ kó wọlé. Ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kò ṣí títí di oṣù Kejìlá, 2020, ti Ìdírókò sì di oṣù Kẹrin, 2022. Ọ̀pọ̀ ẹrù tó ń wọ èbúté Kútọnu, ọjà Nàìjíríà ló ń wá. Ẹgbẹ́ èbúté kò sí níbi tí wọ́n ti pinnu rẹ̀. Bákan náà ni ó rí nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger ní oṣù Keje, 2023, tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fi òfin dè wọ́n, tí ẹrù Niger tó ń gba Kútọnu kọjá sì dúró. Èbúté ló jìyà ọ̀rọ̀ tí àwọn olóṣèlú sọ.

BÓ ṢE RÍ NÍBÒMÍRÀN

Irú ẹgbẹ́ yìí wà káàkiri ayé. Ti ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà wà ní Mombasa, ní Kenya. Ti gbogbo àgbáyé, IAPH, ni wọ́n dá sílẹ̀ ní Los Angeles ní 1955, ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà ní Tokyo. Ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní AAPA, ti wà láti 1912.

Ohun kan wà nínú ti Amẹ́ríkà tó yẹ kí á fi kọ́gbọ́n. Ní 1986, ìjọba ibẹ̀ gbé owó orí kan lé ẹrù tó ń gba èbúté wọlé, pé òun ni wọn yóò máa fi gbẹ́ ìsàlẹ̀ omi kí ọkọ̀ lè kọjá. Owó ń wọlé, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ìjọba ń ná sórí iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹgbẹ́ AAPA fi ń kọ lẹ́tà, tí wọ́n ń lọ bá àwọn aṣòfin, tí wọ́n ń fi ìṣirò hàn. Kurt Nagle, tó darí àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ náà fún ohun tó ju 20 ọdún lọ, wà lára àwọn tó ń pariwo rẹ̀. Ọdún 2020 ni àwọn aṣòfin tó tú ọ̀pọ̀ nínú owó náà sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 34! Ààrẹ orílẹ̀-èdè ti yí padà léraléra, ọ̀gá èbúté ti yí padà, ṣùgbọ́n fáìlì náà wà lórí tábìlì.

Ohun tí akọ̀wé ń ṣe nìyẹn. Ó ń rántí nígbà tí gbogbo ayé bá ti gbàgbé.

KÍ LÓ KAN ÀGBẸ̀?

Ẹni tó ń ka èyí ní abúlé lè béèrè pé kí ló kan òun nínú ọ̀rọ̀ Lomé àti Tema. Kòkó tó kúrò ní Oǹdó kò ní í di owó ilẹ̀ òkèèrè àfi bó bá gba èbúté kọjá. Ajílẹ̀ òyìnbó ń gba ibẹ̀ wọlé, àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì ń gba ibẹ̀, ẹ̀yà ara ọ̀kadà náà ń gba ibẹ̀. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹrù bá fi jókòó láìnídìí, ẹnìkan ní láti san owó rẹ̀. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ kò ní í san án, oníṣòwò kò ní í san án. Orí ẹni tó wá rajà ní ìkẹyìn ni yóò já sí, tàbí kí wọ́n yọ ọ́ lára owó tí wọ́n fẹ́ san fún àgbẹ̀.

Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn ìjọba tó ni èbúté mọ rírì àwọn òṣìṣẹ́ kéréje tó ń tọ́jú ìwé wọn l'Àpápá. Kí wọ́n san owó ẹgbẹ́ lásìkò, kí wọ́n fi òótọ́ iye ẹrù wọn ránṣẹ́, kí wọ́n sì pe àwọn akọ̀wé yìí sí ìjókòó kí wọ́n tó ti ẹnubodè tàbí fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọlọ́dún gbọọrọ. Àwọn òṣìṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àkọsílẹ̀ tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹnikẹ́ni kò rí kà kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní.

Àwọn baba wa ló sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Lẹ́kkí ní omi jíjìn, Lomé ní ìrírí, Kútọnu mọ ọ̀nà ilẹ̀ Niger. Akọ̀wé tó jókòó l'Àpápá kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Ìwé tí gbogbo wọn lè jọ kà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.